Láti Ìdí Géèmù dé Ìdí Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà: Ọ̀nà Tí Ó Ṣí Sílẹ̀ fún Ọmọ Yewa

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìlaròó, ní Ayétòrò àti ní àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yewa, ilé géèmù kì í ṣe ohun tuntun mọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, àwọn ọmọ a kóra jọ sídìí tẹlifíṣọ̀n, wọn a san owó táṣẹ́rẹ́, wọn a sì máa gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀rọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn tí kò rí owó san a fi fóònù òbí wọn ṣe eré tiwọn. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ka àṣà yìí sí ìfàkókòṣòfò. Ẹ̀rù wọn kì í sì í ṣe ẹ̀rù asán, nítorí ọmọ tí ó fi gbogbo òru wà nídìí géèmù kò lè fi ọkàn balẹ̀ gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ó yẹ kí òbí, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ mọ̀. Gbogbo eré tí ọmọ ń ṣe lójú ẹ̀rọ, ènìyàn ni ó jókòó kọ ọ́, iṣẹ́ òòjọ́ sì ni fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ọ́. Ìfẹ́ géèmù nìkan kì í ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè di ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ bí ọmọ bá kúrò ní ipò ẹni tí ń ṣeré, tí ó sì bọ́ sí ipò ẹni tí ń ṣẹ̀dá eré. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí ìyípadà náà ṣe ń ṣẹlẹ̀, ohun tí ó ń béèrè, àti ibi tí ọmọ Yewa ti lè bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ó wà nínú géèmù?

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni yóò rántí eré ejò tí ó wà lórí fóònù Nokia nígbà tí fóònù GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà ní ọdún 2001. Taneli Armanto, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Nokia ní orílẹ̀-èdè Finland, ni ó kọ eré náà fún fóònù wọn, ó sì jáde ní ọdún 1997. Bí a bá yẹ inú eré yìí wò, òfin mélòó kan péré ni a óò bá níbẹ̀. Ejò kò gbọdọ̀ dúró. Bí ẹni tí ń ṣeré bá tẹ bọ́tìnì kan, kí ejò yà sí apá ibẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá kan oúnjẹ, kí ara rẹ̀ gùn sí i, kí máàkì sì pọ̀ sí i. Bí orí rẹ̀ bá kan ara òun fúnra rẹ̀, kí eré parí. Irú òfin bẹ́ẹ̀, tí a kọ ní èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, ni a ń pè ní ètò kọ̀ǹpútà tàbí kóòdù. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ ni olùkọ ètò.

Eré bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ń gbá lónìí tóbi ju eré ejò lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni ó ń tẹ̀ lé. Ní ìgbà 30 tàbí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ẹ̀rọ náà ń wo bọ́tìnì tí ọmọ tẹ̀, ó ń ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù àti agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó wà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun kan ti kọlu òmíràn, lẹ́yìn náà ni yóò tún gbogbo àwòrán yà. Nítorí pé èyí yára ju ìṣẹ́jú ojú lọ, àwa a máa rí i bí ẹni pé àwòrán náà ń rìn. Ẹ̀kọ́ ìṣirò lórí igun ni ó ń sọ apá ibi tí bọ́ọ̀lù yóò gbà lọ. Ẹ̀kọ́ físíìsì lórí ìyára àti òòfà ilẹ̀ ni ó ń sọ ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ọmọ tí ó ń sá fún ìṣirò ní kíláàsì, tí ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, ìṣirò náà ni ó ṣì ń bá ṣeré láìmọ̀.

Irú ìrònú yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n ayò, ọmọ ayò 48 ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ta kì í ṣàdédé kó ọmọ ayò nílẹ̀. Ó ti kà á lọ́kàn ibi tí èyí tí ó kẹ́yìn yóò bọ́ sí, bóyá yóò sọ ti ojú ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta kí òun lè jẹ ẹ́, àti ohun tí ẹnìkejì lè fi fèsì. Ìbéèrè tí ọ̀ta ń bi ara rẹ̀, pé bí mo bá ta ibí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀, ni ìbéèrè tí olùkọ ètò kọ̀ǹpútà ń bi ara rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́.

Àwọn onímọ̀ òkè òkun pàápàá ti fi ojú pàtàkì wo irú eré yìí. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije ní ìlú Amsterdam so ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ láti ṣírò gbogbo ipò tí ó lè wáyé nínú awari, eré tí ó jẹ́ ọmọ ìyá ayò ọlọ́pọ́n. Ipò tí wọ́n ṣírò lé ní bílíọ̀nù 889. Èsì tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjèèjì tí ń ta á kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Eré tí àwọn bàbá wa ń ta lábẹ́ igi kò jìnnà sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rárá.

Àwọn tí wọ́n ti tọ ọ̀nà náà

Satoru Iwata jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Japan, wọ́n sì bí i ní ọdún 1959. Nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíríńdírì, kò ní kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tí ó ṣeé kọ àṣẹ sí ni ó ní, orí rẹ̀ ni ó sì ti kọ eré tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ní ìlú Tokyo, lẹ́yìn náà ni ó gba iṣẹ́ ní HAL Laboratory, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń ṣe géèmù. Inú bàbá rẹ̀ kò dùn sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, débi pé odindi oṣù mẹ́fà ni kò fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2002, ọmọ yìí kan náà di ààrẹ ilé-iṣẹ́ Nintendo, ipò tí ó wà títí ó fi jáde láyé ní ọdún 2015.

Ní ìlú London, eré ṣẹ́ẹ̀sì ni Demis Hassabis fi bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rin. Owó tí ó jẹ nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ni ó fi ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ rẹ̀, ó sì kọ́ ara rẹ̀ bí a ti ń kọ ètò sí i. Kò tíì pé ọmọ 20 ọdún nígbà tí ó wà lára àwọn tí wọ́n ṣẹ̀dá Theme Park, eré kan tí ó jáde ní ọdún 1994 tí òkìkí rẹ̀ sì kàn. Kò dúró síbẹ̀. Ó lọ sí Yunifásítì Cambridge, ó tún kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ọpọlọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ DeepMind sílẹ̀ ní ọdún 2010. Ní ọdún 2024, òun àti àwọn onímọ̀ méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místrì, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe lórí àwọn èròjà purotéènì inú ara ohun abẹ̀mí.

Ní Nàìjíríà níbí, Abiola Olaniran, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀, dá ilé-iṣẹ́ Gamsole sílẹ̀ ní ọdún 2012. Géèmù fún fóònù Windows ni wọ́n gbájú mọ́, mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ìgbà ni àwọn ènìyàn sì gbà wọ́n sórí fóònù wọn nílé àti lókè òkun. Ní ọdún 2012 yìí náà ni Hugo Obi bẹ̀rẹ̀ Maliyo Games ní ìlú Èkó. Ohun tí ojú ń rí ní ìgboro wa ni wọ́n fi ń ṣe eré: ọ̀kadà, ẹ̀fọn, àti káàdì whot. Ní ọdún 2024, Maliyo bá ilé-iṣẹ́ Disney ti Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì gbé géèmù kan jáde tí ó bá eré àwòrán Iwájú rìn, nínú èyí tí ẹni tí ń ṣeré yóò ti máa se oúnjẹ ilẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ni orúkọ eré tí gbogbo ayé ń wò.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a lè rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi eré ṣíṣe nìkan dé ibi tí ó dé. Gbogbo wọn ni wọ́n jókòó kọ́ iṣẹ́. Èkejì ni pé iṣẹ́ yìí a máa yí padà. Fóònù Windows tí Gamsole fi bẹ̀rẹ̀ ti kógbá sílé lónìí. Ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo lò yóò bá a kógbá sílé. Ẹni tí ó mọ ìpìlẹ̀ ètò kíkọ ni yóò lè kó ẹrù rẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ tuntun.

Ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́

Ilẹ̀ Yewa kì í ṣe àjèjì nínú ẹ̀kọ́ tí ó pa ìwé pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọdún 1963 ni Comprehensive High School bẹ̀rẹ̀ ní Ayétòrò, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ láti Amẹ́ríkà. Èrò tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni pé kí ọmọ kan náà tí ń kọ́ ìwé máa kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ òwò lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà bá èrò yẹn mu pátápátá, nítorí iṣẹ́ orí àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga kò ní láti kúrò ní Yewa kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìlaròó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọdún méjì ni ti ND, ọdún méjì sì ni ti HND, a sì máa ń ní àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ fi kọ́ iṣẹ́ lójú iṣẹ́ láàárín méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ yunifásítì ni ó wù ú, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wà ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta.

Ohun tí ó ń ti ọ̀pọ̀ ọmọ sẹ́yìn ni pé wọn kì í mọ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n mú títí ó fi pẹ́ jù. Nínú ìdánwò JAMB fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti físíìsì ni òpó mẹ́ta tí ó wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kan sí i. Ọmọ tí ó bá ti fi físíìsì sílẹ̀ nígbà tí ó wọ SS1 ti ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ara rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí òbí àti olùkọ́ bá ọmọ tí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ láti JSS3, kí wọ́n tó yan ẹ̀kọ́.

Ọ̀nà ìkọ́ra-ẹni

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò gba ilé ẹ̀kọ́ gíga kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ gíga nìkan kò tó. Àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún ọmọdé láti nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, Scratch ni ó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùwádìí ní MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 2007. Ọmọ kò ní láti kọ lẹ́tà kankan. Ńṣe ni yóò máa to àwọn àṣẹ léra bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Bí a bá ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, ó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ọ̀dọ́ tí ó ti dàgbà díẹ̀, èdè kọ̀ǹpútà Python rọrùn láti kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó lè lọ sí Godot, irinṣẹ́ ìṣẹ̀dá géèmù tí kò gba owó, tí kò sì wúwo jù fún kọ̀ǹpútà àlòkù.

Ìmọ̀ràn tí ó wúlò jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ó má ṣe fi eré ńlá bẹ̀rẹ̀. Eré bọ́ọ̀lù tí ó ń rí ní ilé géèmù, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é. Kí ó kọ́kọ́ kọ eré ejò. Kí ó parí rẹ̀, kí ó fún ẹlòmíràn ṣe, kí ó wo ibi tí ó ti bàjẹ́, kí ó sì tún un ṣe. Eré kékeré kan tí ó parí sàn ju ńlá mẹ́wàá tí ó kù sójú ọ̀nà. Bí ó bá wá iṣẹ́ lọ, àwọn eré tí ó ti parí wọ̀nyí ni yóò fi han agbanisíṣẹ́.

Ètò 3MTT tí Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023 tún wà fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀fẹ́ ni, ìṣẹ̀dá géèmù àti ètò kọ̀ǹpútà kíkọ sì wà lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀.

Àwọn ìdènà tí ó wà lójú ọ̀nà

Òtítọ́ ni pé iná mànàmáná kì í dúró, owó dátà ga, kọ̀ǹpútà sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ìdènà wọ̀nyí kò ní kí ọmọ má bẹ̀rẹ̀. Apá tí ó le jù nínú iṣẹ́ olùkọ ètò, inú orí ni ó ti ń ṣe é, orí ìwé ni ó sì ti ń kọ ọ́ kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ òfin eré tí ó fẹ́ ṣe sínú ìwé lọ́sàn-án, kí ó wá fi wákàtí kan tí iná fi wà dán an wò. Ó lè gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, kí ó sì kà á nílé. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè pawọ́ pọ̀ lo kọ̀ǹpútà kan. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní yàrá kọ̀ǹpútà yóò ṣe oore ńlá bí wọ́n bá ń ṣí i sílẹ̀ fún ọmọ fún wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn àkókò ẹ̀kọ́.

Ojúṣe òbí

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó fẹ́ràn géèmù ni yóò di olùkọ ètò, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn ẹ̀wà ni ó lè se é tà. Báwo ni òbí yóò ṣe mọ̀? Ẹ bi ọmọ yín pé bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó ni eré náà, kí ni yóò yí padà nínú rẹ̀? Ọmọ tí ó kàn ń ṣeré yóò ní kò sí. Ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn ìṣẹ̀dá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́: pé asọ́lé yẹn yára jù, pé máàkì yẹn kò tọ́, pé ó yẹ kí òjò máa rọ̀ sórí pápá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá ọ̀nà ẹ̀kọ́ fún.

Ẹ fi ààlà sí àkókò eré. Ìlànà kan tí ó rọrùn láti tẹ̀ lé ni pé kí wákàtí tí ọmọ fi ń ṣẹ̀dá má kéré sí èyí tí ó fi ń ṣeré. Ẹ tún ṣọ́ra fún tẹ́tẹ́. Géèmù yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́ orí fóònù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì. Bí owó bá ti ń wọlé, tí ó ń jáde lórí ẹni tí yóò borí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Bákan náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí a fi lu ènìyàn ní jìbìtì, ẹ̀wọ̀n ni ó ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ìdí tí èyí fi kan ẹkùn ibodè

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Yewa ni ó gbẹ́kẹ̀ lé òwò ibodè. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ti àwọn ibodè orí ilẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ọjà dákẹ́. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó tún Ìdí-Ìrókò ṣí. Gbogbo ẹni tí ó la àkókò yẹn kọjá mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí iṣẹ́ òòjọ́ ènìyàn wà lọ́wọ́ ọ̀pá ìdènà ojú ọ̀nà. Ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀dọ́ kọ nínú yàrá rẹ̀ ní Ọjà-Ọ̀dàn tàbí Ìmẹ̀kọ kì í gba ibodè kọjá. Ẹni tí ó wà ní Kútọnu, ní London tàbí ní Amẹ́ríkà lè rà á lọ́jọ́ kan náà.

Bí ọmọ náà kò bá tilẹ̀ rí iṣẹ́ nídìí géèmù, ìmọ̀ rẹ̀ kò ṣòfò. Kóòdù ni báńkì fi ń ṣírò owó, òun ni ẹ̀rọ POS ẹ̀bá ọ̀nà fi ń ṣiṣẹ́, òun náà sì ni a fi ń darí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ní ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì irú èyí tí ó wà ní Ìbẹṣẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó fi géèmù kọ́ ètò kíkọ lè fi ètò kíkọ náà sin ilé ìwòsàn, oko tàbí ilé-iṣẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ yín nírọ̀lẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè kan náà: kí ni yóò yí padà nínú eré tí ó ń ṣe? Bí ó bá ní èsì, ẹ fún un ní ìwé àti bírò, kí ó kọ òfin eré tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́, ẹ mú un lọ bá olùkọ́ kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.